Kí ni òbí lè fi wọn yunifásítì kí ó tó san owó?

Bàbá Adétòún, Ìjẹ̀bú-Òde, béèrè pé:

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo kí yín o. Irin, sìmẹ́ǹtì àti táìsì ni mo ń tà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Tí wọ́n bá já irin sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, tí wọ́n sì ní oní-12 ni, n kì í bá wọn jiyàn. Mo ní irinṣẹ́ kékeré kan tí a fi ń há irin lẹ́nu. Màá fi wọ̀n ọ́n níṣojú dírẹ́bà, òun fúnra rẹ̀ yóò sì rí i pé mílímítà mẹ́wàá ààbọ̀ ni wọ́n ń pè ní méjìlá. Ẹni tí ó bá fi irú irin bẹ́ẹ̀ kọ́lé kò ní mọ̀ lónìí, ó sì lè má mọ̀ lọ́dún márùn-ún. Ohun tí ó gbé mi wá síbí ni pé mo ti rán ọmọ méjì lọ sí yunifásítì, ẹ̀kẹta ti ṣe ìdánwò JAMB, n kò sì tíì ní irinṣẹ́ kankan tí mo lè fi há yunifásítì lẹ́nu kí n mọ̀ bóyá ó pé ìwọ̀n tí wọ́n pè é.

Nígbà tí mo mú àkọ́bí mi lọ wọlé, géètì ni mo wò. Táìsì tí wọ́n fi bo òpó rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí èmi náà ń tà, mo mọ iye rẹ̀, mo sì wí lọ́kàn ara mi pé ibi tí wọ́n bá ti lè ná irú owó yìí sí ẹnu ọ̀nà, inú ilé kò lè burú. Kẹ́mísírì ni ọmọ náà kà, ó sì jáde pẹ̀lú èsì tí gbogbo ilé fi jó. Ní oṣù tó kọjá, nígbà tí a ń palẹ̀ yàrá rẹ̀ mọ́, mo rí ìwé ìdánrawò rẹ̀ ti ọdún kejì. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní àmì máàkì pupa kan ní ìsàlẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ojú ewé kan, ọmọ náà ti kọ ọ́ sí àárín ìṣirò rẹ̀ pé, “Sà, tí ẹ bá ka ibí yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi báírò yí i po.” Máàkì pupa wà lábẹ́ rẹ̀ bí ó ṣe wà lábẹ́ gbogbo yòókù, ẹnikẹ́ni kò yí nǹkan kan po. Mo bi í léèrè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rẹ́ òun kan tilẹ̀ to orúkọ agbábọ́ọ̀lù mọ́kànlá síbẹ̀, òun náà sì gba máàkì.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́, tí géètì rẹ̀ sì ti dógùn-ún. Ìwé ti òun kún fún báírò pupa débi pé mo rò pé ó fìdí rẹmi ni. Kò fìdí rẹmi rárá. Ẹnì kan ló ń bá a jiyàn nínú ìwé náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

N kò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì, wọn kò sì sí nítòsí wa. Ṣùgbọ́n ní agbègbè tiwa yìí, ọwọ́ kò gbófo. Yunifásítì Olabisi Onabanjo ti wà ní Àgọ́-Ìwòyè láti ọdún 1982, Yunifásítì Tai Solarin wà ní Ìjàgun láti ọdún 2005, ìjọba àpapọ̀ sì gbà á lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ Ògùn ní ọdún 2025, Babcock wà ní Ìlíṣàn, àwọn aládàáni mìíràn àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe sì tún wà káàkiri. Kí ni ó ń mú kí ẹ̀kọ́ dára níbì kan tí kò sì dára níbòmíràn, kí sì ni kí òbí tí kò ka ìwé púpọ̀ bíi tèmi wò?

Olùkọ́ Afẹ̀yìntì, Ìkẹ́nnẹ́, dáhùn pé:

Bàbá Adétòún, ẹ kú ìnáwó ọmọ o. Mo kọ́ni ní yunifásítì fún ọdún 29 kí n tó fẹ̀yìn tì sí Ìkẹ́nnẹ́, mo sì ti bá ikọ̀ NUC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń mójú tó àwọn yunifásítì, lọ yẹ ẹ̀kọ́ wò ní ilé ẹ̀kọ́ mélòó kan. Irinṣẹ́ tí ẹ ń wá ti wà lọ́wọ́ yín: ìwé ìdánrawò méjì yẹn ni. Ohun tí ó kù ni kí n ṣàlàyé bí irú ìwé àkọ́kọ́ ṣe ń wáyé, nítorí pé kì í ṣe ọ̀lẹ olùkọ́ nìkan ló ń fà á.

Ní ọdún kan, akẹ́kọ̀ọ́ 412 ni ó forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí èmi nìkan ń kọ́. Tí mo bá fún ìwé ìdánwò kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, wákàtí 68 àti ogójì ìṣẹ́jú ni, láì sùn, láì jẹun, mo sì ní ẹ̀kọ́ méjì mìíràn lọ́rùn pẹ̀lú àwọn tí mo ń tọ́ sọ́nà lórí iṣẹ́ ìwádìí wọn. Ní ọdún àkọ́kọ́ mo gbìyànjú, èsì ìdánwò sì pẹ́ débi pé ọ̀gá mi kọ ìwé ẹ̀sùn sí mi. Ní ọdún kejì mo dín ìbéèrè kù láti mẹ́rin sí méjì. Ní ọdún kẹta mo sọ gbogbo rẹ̀ di “mú A, B, D tàbí E,” ẹ̀rọ sì bá mi máàkì rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Láti ìgbà náà lọ, akẹ́kọ̀ọ́ lè kẹ́kọ̀ọ́ jáde lábẹ́ mi láì kọ gbólóhùn mẹ́wàá tí ó so kọ́ra. Kò sí ẹni tí ó pa á láṣẹ fún mi. Èmi ni mo ṣe é, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ìlànà NUC ni pé kí olùkọ́ kan máa mójú tó akẹ́kọ̀ọ́ 10 ní ẹ̀kọ́ ìṣègùn, 15 ní ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, 20 ní sáyẹ́ǹsì, àti 30 ní ẹ̀kọ́ èdè, ìtàn, ìmọ̀ àwùjọ àti irú wọn. Ẹni tí ó gbé ìlànà yìí kalẹ̀ kò ṣàṣìṣe. Ó mọ̀ pé wákàtí tí olùkọ́ ní lọ́sẹ̀ kì í gùn sí i bí akẹ́kọ̀ọ́ bá pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ń wọlé ń pọ̀ lọ́dọọdún, tí olùkọ́ kan bá sì fẹ̀yìn tì tàbí tí ó kọjá sí òkèèrè, ìwé àṣẹ láti gba arọ́pò rẹ̀ lè jókòó sórí tábìlì ẹnì kan títí àwọn méjì mìíràn yóò fi lọ. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ láti yẹ àìní àwọn yunifásítì ìjọba wò jábọ̀ ní ọdún 2012 pé, nínú àwọn olùkọ́ tí ó lé ní 37,000, nǹkan bí ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni ó ní oyè ọ̀mọ̀wé. Èmi kò gbà pé oyè náà nìkan ló ń sọ ènìyàn di olùkọ́, nítorí mo mọ àwọn ọ̀mọ̀wé tí kò lè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún ọmọ ilé wọn, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ rẹ̀ ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ yóò máa pín àkókò wọn ní ọ̀nà méjì.

Ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń pariwo ìfọwọ́sí ẹ̀kọ́, èyí tí gbogbo wa ń pè ní àkíríditéṣọ̀n. Ẹ̀kọ́ tí ó bá gba máàkì 70 sókè lápapọ̀, tí ó sì gba 70 nínú ohun tí wọ́n ń kọ́, nínú olùkọ́, nínú ilé àti irinṣẹ́, àti nínú ilé ìkàwé, ni a ń fún ní ìfọwọ́sí kíkún fún ọdún márùn-ún. Èyí tí kò bá dé ibẹ̀ tí kò sì kéré sí 60 yóò gba ti ọdún méjì kí ó lè lọ ṣàtúnṣe. Ẹ wádìí rẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ tí kò ní ìfọwọ́sí kò yẹ kí òbí sún mọ́. Àmọ́ ohun tí a lè fi ojú kà ni àwa tí a ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò máa ń kà: àga, ìwé, ẹ̀rọ, ìwé ẹ̀rí àwọn olùkọ́. Mo rántí ẹ̀rọ maikirosíkóòpù kan tí bọ́tìnì rẹ̀ ti kán, tí wọ́n fi téèpù dúdú dì. Ní ọjọ́ Ajé mo rí i ní láàbù ẹ̀ka kan; ní ọjọ́ kejì, nínú ọgbà kan náà, mo tún bá a ní láàbù ẹ̀ka mìíràn, téèpù dúdú náà ṣì wà lára rẹ̀. Mo kí i bí ojúlùmọ̀. Ẹni tí ó ń mú wa káàkiri bá yíjú sí fèrèsé.

Ọmọ Òdogbolú dáhùn pé:

Ẹ káàsán, ẹ̀yin àgbà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìnrú ìlú ni, yunifásítì ìjọba kan tí ó jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa ni mo sì lọ. Mo fara mọ́ ohun tí Bàbá Olùkọ́ wí, àfi pé ọ̀rọ̀ àkókò kò pin sí ọ̀dọ̀ olùkọ́. Ó kan àwa náà.

Nínú ètò ẹ̀kọ́ NUC, ẹyọ kan, èyí tí a ń pè ní yúnìtì, túmọ̀ sí wákàtí 15 tí akẹ́kọ̀ọ́ fi jókòó gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, tàbí wákàtí 45 tí ó fi ṣe ìdánrawò. Mo mọ iye yìí nítorí pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fún wa lọ́jọ́ ìgbàwọlé. Ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti ọdún 2020 bá mi níbẹ̀ láti oṣù kẹta títí di oṣù Kejìlá, èyí ti 2022 tún bá mi, ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, ó sì parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Nígbà tí a padà, wọ́n ní kí a sáré lé ọdún tó lọ bá. Ìdánrawò oníwákàtí 45 wá di ọjọ́ Sátidé mẹ́rin. A jẹ́ mọ́kànlá ní ìdí burette kan, ìyẹn gíláàsì gígùn tí a fi ń wọn omi kẹ́míkà, ẹnì kan ń dì í mú, ẹnì kan ń ka nọ́ńbà, àwa mẹ́sàn-án yòókù ń kọ ohun tí a gbọ́. Ọwọ́ mi kan burette náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní sáà náà, ìyẹn nígbà tí wọ́n ní kí n lọ fọ̀ ọ́. Èsì tí wọ́n fi sínú ìwé ẹ̀rí mi fún ẹ̀kọ́ náà jẹ́ B.

N kò dá àwọn olùkọ́ lẹ́bi pé wọ́n yanṣẹ́ lódì, nítorí àdéhùn tí ìjọba bá wọn ṣe ní ọdún 2009 ni wọ́n ń jà fún, èmi ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí i. Ṣé UNESCO kò ti sọ pé kí ìjọba máa fi ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún ìsúná sí ètò ẹ̀kọ́ ni? Bí wọ́n bá tẹ̀ lé e, ta ni yóò yanṣẹ́ lódì?

Bàbá Olùkọ́, ẹ má bínú sí mi, n kò lè fi ti háńdáàtì sílẹ̀. Olùkọ́ wa kan máa ń ta ìwé pélébé olójú ewé 40, ó ń kọ orúkọ ẹni tí ó bá ra á sílẹ̀, inú ìwé náà nìkan ni ìbéèrè sì ti ń wá. Ẹni tí ó lọ ka ìwé ńlá ní ilé ìkàwé ló máa ń pàdánù, nítorí ó dáhùn ju ohun tí wọ́n béèrè lọ. Bẹ́ẹ̀ ni n kò lè ṣe bí ẹni pé àwa akẹ́kọ̀ọ́ mọ́. JAMB fi máàkì tí ó kéré jù fún yunifásítì sí 150 nínú 400 ní ọdún 2025, 140 ni ó sì jẹ́ ní ọdún méjì tí ó ṣáájú rẹ̀. Lóòótọ́, ilé ẹ̀kọ́ lè béèrè fún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, a ní àwọn tí ó bá wa wọlé tí ẹlòmíràn bá wọn ṣe WAEC ní ilé ẹ̀kọ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí míràkù sẹ́ńtà. Wọn kò lè ka ojú ewé kan kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n kà, olùkọ́ tí ó bá sì fẹ́ kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ọdún kìíní gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́ wọn ní ti ìwé kẹta girama.

Ìmọ̀ràn mi fún yín, Bàbá Adétòún: ẹ má lọ sí ọ́fíìsì. Ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ni kí ẹ lọ ní ọjọ́ Sátidé, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe ń pọnmi, ibi tí wọ́n ti ń gba iná sí fóònù, kí ẹ sì béèrè ìwé lọ́wọ́ wọn. Wọn yóò fi hàn yín.

Ìyá Oníṣirò, Ìlíṣàn, dáhùn pé:

Ọmọ Òdogbolú, o káre, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bá ọ tún nọ́ńbà kan ṣe, nítorí ó ti pẹ́ tí ó ti ń dun èmi tí mo ń ṣe ìṣirò owó jẹun. Ìdá 26 tí gbogbo ènìyàn ń kà sí UNESCO lọ́rùn yẹn kì í ṣe ohun tí àjọ náà gbé kalẹ̀. Ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lé lórí ní Incheon ní ilẹ̀ Kòríà ní ọdún 2015 ni pé kí ìjọba máa fi 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìnáwó rẹ̀ sí ètò ẹ̀kọ́, tàbí 4 sí 6 nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ tí orílẹ̀-èdè náà ń pèsè lọ́dún, fún gbogbo ẹ̀kọ́ láti ilé jẹ́lé-ó-sinmi dé òkè. Èyí kò mú ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ìjọba wa o, nítorí láti ọdún 2021 ìsúná ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ kò dé 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo kàn fẹ́ kí a fi nọ́ńbà tí ó tọ́ bá wọn jà ni.

Ohun tí mo rí nínú owó ilé ẹ̀kọ́ gíga ni pé ibi tí ó ti wá ló ń sọ ibi tí yóò lọ. Ní ọdún 1993 ni àwọn ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í san owó orí ẹ̀kọ́ lórí èrè wọn. Ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ni nígbà náà, ó di 3 ní ọdún 2023, owó orí mìíràn tí wọ́n ń pè ní owó ìdàgbàsókè sì gba ipò rẹ̀ ní ọdún 2026. TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún owó ilé ẹ̀kọ́ gíga, ni ó ń pín èyí tí ó jẹ́ ti ẹ̀kọ́, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ni ó sì ń pín in fún. Ó ti rán olùkọ́ púpọ̀ lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i, ó sì ń ná owó lórí ìwádìí, ṣùgbọ́n kò sí fún owó oṣù. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè rí ilé alájà mẹ́ta tuntun tí wọ́n kọ orúkọ TETFund sí lára gàdàgbà, tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ sì ní olùkọ́ mẹ́rin. Ilé ṣeé ṣí níwájú akọ̀ròyìn, wọ́n á gé rìbọ́ọ̀nù, wọ́n á ya fọ́tò. Ta ni yóò gé rìbọ́ọ̀nù fún olùkọ́ tí ó máàkì ìwé 60 tí ó sì dá wọn padà? Ní ọdún 2013, lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì oṣù márùn-ún ààbọ̀, ìjọba gbà láti fi tírílíọ̀nù 1.3 náírà tún àwọn yunifásítì ìjọba ṣe láàárín ọdún mẹ́fà. Bílíọ̀nù 200 ti ọdún àkọ́kọ́ jáde. Ìyókù ni wọ́n ti ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ títí tí ìyanṣẹ́lódì mìíràn fi dé. Ẹ tún wá fi iná mànàmáná kún un: ní oṣù kẹrin ọdún 2024, iye owó iná fún àwọn tí ó wà ní ìpele Band A, tí wákàtí iná wọn pọ̀ jù, fò láti náírà 68 sí 225 fún kílówáàtì wákàtí kan. Láàbù tí fíríìjì rẹ̀ kú ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ti bàjẹ́ kí ó tó di ọjọ́ Ajé, iṣẹ́ ìwádìí oṣù mẹ́fà sì bá a lọ.

Ti àwọn aládàáni yàtọ̀. Owó tí akẹ́kọ̀ọ́ san ni epo tí ó wà nínú ọkọ̀ wọn. Èrè rẹ̀ ni pé sáà ẹ̀kọ́ wọn kì í sábà dúró, kíláàsì wọn sì máa ń kéré. Ewu rẹ̀ ni pé ilé ẹ̀kọ́ tí ó ń wojú òbí kí ó tó sanwó oṣù lè má fẹ́ sọ fún òbí náà pé ọmọ rẹ̀ kò mọ̀wé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ìwájú ọgbà Babcock kọjá, ẹ rántí pé akẹ́kọ̀ọ́ méje ni ó fi bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ọdún 1959, ogójì ọdún ni ó sì lò kí ó tó gba ìwé àṣẹ yunifásítì ní 1999. N kò sọ pé gbogbo ènìyàn ní láti dúró ogójì ọdún. Mo ń sọ pé tí ilé ẹ̀kọ́ kan bá ṣí lónìí, tí ó sì ní ẹ̀kọ́ ogójì ní ọdún kejì, kí òbí béèrè ibi tí olùkọ́ wọn ti wá.

Owó ẹ̀yáwó NELFUND tí òfin rẹ̀ jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2024 dára, mo sì ti bá ọmọ ìyá mi méjì kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀; ó ń san owó ilé ẹ̀kọ́ tààrà fún ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, ó sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní náírà 20,000 lóṣooṣù. Ó ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti wọlé. Ohun tí yóò bá nínú ilé ni ọ̀rọ̀ tí a ń sọ níbí. Nípa tiyẹn, mo fẹ́ràn ohun tí Awùjalẹ̀ Ọba Sikiru Kayode Adetona tí ó wàjà ní ọdún 2025 ṣe: ó dá àga ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìṣèjọba sílẹ̀ ní yunifásítì tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè. Ènìyàn ni ó fi owó náà gbé kalẹ̀, kì í ṣe òpó. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa tí ń ra aṣọ olówó ńlá fún Ojúde Ọba, tí mo sì fẹ́ràn láti wò, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yọ owó fìlà nìkan sílẹ̀ lọ́dún kan kí wọ́n fi san owó olùkọ́ kan, kí a wò ó.

Ẹ̀gbọ́n Ilé-Iṣẹ́, Ṣágámù, dáhùn pé:

Tèmi kò gùn. Mo ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ṣe SIWES, ètò tí ó ti wà láti ọdún 1973 kí ọmọ lè fi ojú rí iṣẹ́ kí ó tó parí ẹ̀kọ́. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n ń lò lọ́dọ̀ wa. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹni tí ó yẹ kí ó wá yẹ̀ wọ́n wò láti ilé ẹ̀kọ́ máa ń wá lẹ́ẹ̀kan, a sì ti rí èyí tí kò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó buwọ́ lu ìwé mẹ́fà, ó kọjá sí Ìkòròdú. Ẹ̀kọ́ tí ọmọ náà kọ́ lọ́jọ́ yẹn ni pé ìbuwọ́lùwé ni ohun tí ó ṣe pàtàkì.

N kì í wo orúkọ ilé ẹ̀kọ́ mọ́ tí mo bá ń gba ènìyàn síṣẹ́. Ìbéèrè kan ni mo máa ń bi wọ́n: “Sọ fún mi nípa ìgbà kan tí ìdánrawò rẹ kò jáde bí ìwé ṣe sọ. Kí ni o ṣe?” Àwọn kan á wò mí bí ẹni tí mo bú, wọ́n á ní tiwọn máa ń jáde dáadáa nígbà gbogbo. Àwọn kan á sún àga síwájú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ìtàn, n kò sì ní lè dá wọn dúró. Mo ti rí irú ẹni kejì yìí láti ilé ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, mo sì ti rí ti àkọ́kọ́ láti ibi tí wọ́n ń dárúkọ pẹ̀lú ìgbéraga. Ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC gbé jáde, tí àjọ náà fi kọ ìdá 70 tí ó sì fi 30 sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan, fún wọn láyè láti wá béèrè lọ́wọ́ àwa tí a wà nítòsí. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni ó ti kàn sí wa.

Olùkọ́ Afẹ̀yìntì, Ìkẹ́nnẹ́, tún wí pé:

Ọmọ Òdogbolú, n kò bínú. Èmi náà ta háńdáàtì fún ọdún méjì nígbà tí owó oṣù ń pẹ́, kí n tó jáwọ́. Ẹni tí ó fún ọ ní B láì jẹ́ kí o di burette mú jẹ ọ́ ní gbèsè.

Bàbá Adétòún, Ìjẹ̀bú-Òde, padà wá pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ará mi. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì jẹ́ kí ọmọ náà kà á. Ní Sátidé tó kọjá, mo ṣe bí Ọmọ Òdogbolú ṣe wí. Mo lọ sí ìlú kan tí yunifásítì wà, mo ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà, mo sì jókòó sí iwájú ilé kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Mo sọ ohun tí mo wá ṣe, wọ́n kọ́kọ́ rò pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni mí, lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé jáde. Ìwé tí ó ní máàkì láìní ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀, n kò ní parọ́.

Ọmọbìnrin kan tí ó ń ka kẹ́mísírì gbé tirẹ̀ fún mi. Ó ti ṣe ìdánrawò kan lẹ́ẹ̀mẹta, nọ́ńbà tí ó kọ sílẹ̀ sì jẹ́ 24.50, 24.50, 24.50. Báírò pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òyìnbó ni olùkọ́ náà fi kọ ọ́, ohun tí ọmọ náà sì túmọ̀ rẹ̀ sí fún mi ni pé, “Báwo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe bára mu tó báyìí? Ìwé ta ni o wò? Padà wá ní Ọjọ́rú, màá dúró tì ọ́.” Ní ojú ewé kejì, ó ti tún un ṣe: 24.30, 24.65, 24.40. Olùkọ́ náà kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Èyí ni mo gbà gbọ́.” Mo tẹjú mọ́ ọn pẹ́. Ohun tí mo ń ṣe fún àwọn dírẹ́bà irin gan-an ni ẹnì kan ti ń ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ.

Mo ti ń rò ó pé kí n lọ san owó ìgbàwọlé ní ọjọ́ Ajé. Bí mo ṣe ń dìde ni ọmọ náà sọ fún mi pé olùkọ́ yẹn ti gba físà Kánádà, pé ìparí sáà yìí ni yóò lọ. Mo tún jókòó. Mo bi í léèrè pé nínú olùkọ́ mẹ́wàá tí ó ń kọ́ wọn, mélòó ló kù tí ó ń kọ̀wé báyìí sínú ìwé wọn? Ó ronú, ó ká ìka kan, ó ká èkejì, ó ní kí n jẹ́ kí òun béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó wà ní ọdún kẹta. Ó ti gba nọ́ńbà mi. N kò tíì san owó náà.